Ẹ Má Bẹ́ Orí Igi Yẹn: Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Igi Àgbà Inú Ọgbà Ilé l'Ékòó

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń ṣú, ariwo ayùn ẹlẹ́ńjìnnì kì í wọ́n ní Sùúrùlérè, Yábàá, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta àti Ìkẹjà. Lánlọ́ọ̀dù wo igi máńgòrò tàbí igi fúrúùtù tó ga ju òrùlé lọ, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ó pe àwọn agégi. Wọ́n bẹ́ orí igi náà pátápátá, ó ku kùkùté gíga. Gbogbo ilé wá sinmi.

Ìsinmi yẹn kì í pẹ́. Igi tí wọ́n bẹ́ lórí á rú ọ̀mùnú yàà, nítorí ebi ń pa á, ewé ló sì fi ń wá oúnjẹ. Àwọn ọ̀mùnú yìí kò fìdí múlẹ̀ nínú igi bí ẹ̀ka tó ti wà níbẹ̀ láti kékeré. Abẹ́ èèpo lásán ni wọ́n ti yọ. Kí wọ́n tó tóbi tó apá ènìyàn, ojú ibi tí wọ́n ti bẹ́ igi náà á ti máa jẹrà lọ sísàlẹ̀. Ìjì kan ṣoṣo ló kù tí ó máa ya wọ́n sórí mọ́tò. Ẹni tó ní igi á tún pe agégi, wọ́n á tún bẹ́ ẹ.

Ìdí ni wọ́n ti ń tọ́jú igi àgbà, kì í ṣe orí. Igi tó wó lójijì, lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti ge gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n ti fi yanrìn bò ó, tàbí kó ti jẹrà nísàlẹ̀ kí ìjì tó dé bá a. Nítorí náà, ẹ tẹ̀lé àwọn ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí bí wọ́n ṣe to ara wọn. Ẹ má fo ti àkọ́kọ́ kí ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ oògùn fínfín.

OHUN TÍ Ẹ MÁA NÍLÒ

- Téèpù ìwọ̀n tó gùn tó mítà 5, àti ìwé tí ẹ máa kọ nǹkan sí.
- Òòlù onígi tàbí onírọ́bà. Òòlù irin máa ń ṣe èèpo igi léṣe.
- Irin tín-ín-rín tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ṣúkúdíráfà gígùn náà lè ṣe é.
- Ayùn ọlọ́wọ́ tí wọ́n fi ń gé igi tútù. Eyín rẹ̀ tóbi ju ti káfíńtà lọ. Ẹ fi àdá sílẹ̀. Àdá ń fa igi ya ni, kì í gé e.
- Okùn tó nípọn tó mìlímítà 12, tó gùn ju ìlọ́po méjì gíga igi náà lọ.
- Akoto, awò ìbojú, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀.
- Spírítì, tàbí bílíìsì tí ẹ fi omi là: bílíìsì ife 1, omi ife 9.
- Ọṣẹ olómi, èso dóńgóyárò gbígbẹ, àti ẹ̀rọ ìfín oògùn tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn.
- Ewé gbígbẹ tó tó àpò mélòó kan. Ẹ dẹ́kun sísun ewé tó bá já bọ́. Ẹ máa lò ó.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gé igi lulẹ̀ pátápátá, ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ LASPARK, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó igi àti ọgbà ìtura. "Inú ọgbà mi ló wà" kì í ṣe àwíjàre. Bí igi bá sì ti súnmọ́ wáyà iná tó mítà 3, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí agégi kankan gùn ún. Ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ń pín iná ládùúgbò yín pé kí wọ́n wá pa iná kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

ÌGBÀ WO LẸ MÁA ṢE É?

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ìjì tó lágbára máa ń jà jù l'Ékòó: ìgbà òjò àkọ́rọ̀, láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti ìgbà òjò àrọ̀kúrò, láti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá. Òjò oṣù kẹfà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ló pọ̀, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Igi tí kì í ṣe eléso, ẹ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láàárín ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tí egbò kò sì ní máa rin fún omi. Ti máńgòrò yàtọ̀. Ìgbà ọyẹ́ ló ń tanná; bí ẹ bá gé e nígbà náà, ẹ ti gé máńgòrò ọdún yẹn dànù. Ẹ dúró kí ẹ ká èso tán, kí ẹ gé e nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí òjò àrọ̀kúrò tó wọlé. Ẹ̀ka tó ti kú kò nígbà. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i ni kí ẹ gé e.

ÌGBÉSẸ̀ 1: Ẹ YẸ IGI NÁÀ WÒ LÁTI ILẸ̀ DÉ ÒKÈ

Ẹ kọ́kọ́ wọn ọ́n. Ẹ yí téèpù ká ara igi ní gíga àyà, tó bí mítà 1.4 sí ilẹ̀, kí ẹ pín ohun tí ẹ bá rí sí 3.14. Bí òbírí rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 190, ìbú igi yín jẹ́ bí 60. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí iye yìí la máa lò fún gbòǹgbò àti fún ihò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìdí rẹ̀. Igi tí ara rẹ̀ dá máa ń fẹ̀ bó ṣe ń wọlẹ̀, ẹ ó sì rí orí gbòǹgbò ńláńlá tó yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí igi bá wọlẹ̀ ṣánṣán láìfẹ̀ rárá, wọ́n ti fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹ ó rí èyí gan-an ní Lẹ́kkí, Àjàh àti àwọn ibi tí wọ́n ti da yanrìn sí kí wọ́n tó kọ́lé, àti ní ilé àtijọ́ tí wọ́n gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè kí omi má bàa wọlé.

Ẹ yí igi náà ká. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti sán tàbí tó wú sókè. Bí igi bá fì sí ọ̀tún, tí ilẹ̀ sì sán lápá òsì, gbòǹgbò ti ń tú nìyẹn. Ẹ fò sí Ìgbésẹ̀ 6 lónìí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: kì í ṣe gbogbo igi tó bá fì ló léwu. Èyí tó ti fì láti kékeré, tí orí rẹ̀ wá yí padà sókè láti wá oòrùn, lè dúró bẹ́ẹ̀ títí ayé. Èyí tó léwu ni èyí tó dúró ṣánṣán lánàá tó sì fì lónìí, tí gbogbo ara rẹ̀ láti ìdí dé orí fì pọ̀ láìyí padà.

Kí ẹ lè mọ̀ bó bá ń fì, ẹ yan ojú kan lára ògiri fẹ́ǹsì tàbí ilé tó súnmọ́ igi náà. Ní gíga mítà 2, ẹ sàmì sára ògiri, ẹ sàmì sára igi náà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ẹ wọn àárín méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́.

Ó wá kan òòlù. Ẹ máa kan ara igi láti ìdí dé ibi tí ọwọ́ yín bá ga dé, kí àyè sẹ̀ǹtímítà 20 wà láàárín ìkànsí kan àti èkejì, kí ẹ sì yí i ká. Igi tó le á dáhùn kọ́, kọ́, kọ́, ohùn tó mú tó sì kúrú. Ibi tó bá ti yí ohùn padà, tó ń dún gbun-un, gbun-un, inú ti ṣófo níbẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ ká kí ẹ lè rí bó ṣe tóbi tó. Bí ihò bá wà lójú ìta, ẹ ti irin tín-ín-rín bọ̀ ọ́, kí ẹ fi mọ bí igi líle tó kù ṣe nípọn tó.

Ihò nìkan kò tó láti dá igi lẹ́bi ikú, nítorí igi tó ṣófo lè dúró dáadáa bí ògiri rẹ̀ bá nípọn. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé kí igi líle tó kù má dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìlàjì ìbú rẹ̀. Igi tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 60, ìlàjì rẹ̀ jẹ́ 30, nítorí náà kí igi líle tó kù nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 yí ká. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yìí ti kúrò lọ́wọ́ onílé, ẹ pe ẹni tó kọ́ṣẹ́ igi. Ẹ má sì da kọnkéré sínú ihò. Kọnkéré kì í mì bí igi bá ń mì. Á máa ha inú igi, á sì sé omi mọ́ ọn.

Ẹ wo òkè níkẹyìn. Ibi tí igi ti là sí méjì, ṣé ó rí bí lẹ́tà U tàbí bí lẹ́tà V? U lágbára. V tí èèpo wọ̀ sí àárín rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ra dénú, ibẹ̀ ni ìjì sì máa ń là á sí méjì. Ẹ ka ẹ̀ka tó ti gbẹ, kí ẹ sì kíyè sí i bóyá apá kan ṣoṣo ni ewé ti ń tín-ín-rín; gbòǹgbò apá ibẹ̀ ni kí ẹ fura sí.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yìí pé nígbà tí nǹkan mẹ́fà bá wà nínú ìwé yín: ìbú igi, bí ìdí rẹ̀ ṣe rí, ilẹ̀ tó sán tàbí tí kò sán, ibi tó ń dún gbun-un, iye òkú ẹ̀ka, àti ìwọ̀n tó wà láàárín igi àti ògiri.

ÌGBÉSẸ̀ 2: Ẹ TÚ GBÒǸGBÒ SÍLẸ̀

Gbòǹgbò tó ń mu omi kì í jìn. Inú sẹ̀ǹtímítà 60 àkọ́kọ́ ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù wà, ó sì máa ń nà kọjá ibi tí ẹ̀ka dé. Ní Erékùṣù, níbi tí omi ti súnmọ́ òkè ilẹ̀, ó tún máa ń wà lókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí gbòǹgbò kì í gbé inú omi. Èyí ni wọn kì í rò nígbà tí wọ́n bá ń tẹ́ íntálọ́ọ̀kì dé ìdí igi.

1. Bí wọ́n bá ti bo ìdí igi, ẹ fi ọwọ́ àti ṣọ́bìrì kékeré kó yẹ̀pẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí ibi tó ti fẹ̀. Ẹ má fi dígà ṣe é. Bí ẹ bá bá gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó yí ọrùn igi ká, ẹ gé wọn kí wọ́n má bàa fún un.

2. Ẹ yọ íntálọ́ọ̀kì tàbí sìmẹ́ńtì tó wà nídìí igi sẹ́yìn, ó kéré tán mítà 1 sí ara igi yí ká. Bí àyè bá wà, ẹ jẹ́ kó tó 2.

3. Ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ sí ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ náà, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, kí ẹ sì fi sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ láàárín ewé àti ara igi. Àwọn kan máa ń kó o jọ gègèrè mọ́ ìdí igi. Èèpo tó wà lábẹ́ rẹ̀ á máa tutù, á rà, ikán á sì rí ibi sá pamọ́ sí.

4. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá nígbà ọyẹ́, ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kó rin dénú. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kò wúlò fún igi àgbà, òkè ilẹ̀ ló ń mọ. Igi tó wà níbi tí omi máa ń dúró sí kò nílò rẹ̀ rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ sokawéè, gọ́tà tàbí ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì tuntun, iye tí ẹ kọ sílẹ̀ ló máa sọ ibi tí ẹ máa gbẹ́. Láàárín ìlọ́po 3 ìbú igi, gbòǹgbò tó ń di igi mú dúró ló wà níbẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ gé e. Fún igi tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 60, ìyẹn jẹ́ mítà 1.8. Ibi tó dára jù ni kí ẹ sún un dé ìlọ́po 12, ìyẹn mítà 7 àti díẹ̀. Mo mọ̀ pé ilé tó wà lórí ìdajì púlọ́ọ̀tì kò ní mítà 7 láti fi ṣòfò. Ẹ rí i dájú pé ẹ bọ̀wọ̀ fún ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì gbẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Igi tí wọ́n ge gbòǹgbò rẹ̀ lápá méjì kò ní nǹkan tó máa fi dúró.

Jẹnẹrétọ̀ náà ńkọ́? Ẹ yí ẹnu páìpù èéfín rẹ̀ kúrò lójú igi. Èéfín gbígbóná ń pa èèpo lójú ibi tó bá ń kàn. Bákan náà ni iná ìdọ̀tí tí wọ́n ń dá sídìí igi, àti wáyà ìsáṣọ tí wọ́n so yí i ká títí igi fi gbé e mì.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ wo ìdí igi náà. Omi yẹ kó ti wọlẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Bó bá ṣì dúró lọ́jọ́ kejì, ẹ wa ojú omi tó máa gbé e kúrò, kí ó jìnnà sí gbòǹgbò ńlá.

ÌGBÉSẸ̀ 3: KÒKÒRÒ

Ẹ má fín oògùn sí kòkòrò tí ẹ kò tíì mọ̀.

Ikán. Ẹ fọ́ ojú ọ̀nà amọ̀ tí wọ́n mọ sára igi tó bí sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ kẹta. Bí wọ́n bá ti tún un mọ, wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Igi tó ti kú ni ikán máa ń tẹ̀ lé wọlé: òkú ẹ̀ka, egbò tó jẹrà, kùkùté tó wà nítòsí, pákó tí wọ́n tì sídìí igi láti ìgbà ìkọ́lé. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ìgbálẹ̀ líle gbá ojú ọ̀nà amọ̀ náà dànù. Bí ẹ bá rí ọ̀gán, ẹ wú u títí ẹ ó fi kan yàrá amọ̀ líle tí ayaba wà nínú rẹ̀. Bí ayaba bá ṣì wà, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń da ọ́ìlì kọndẹ́ẹ̀mù tàbí kẹrosín sídìí igi fún ikán. Gbòǹgbò ló ń pa, òjò á sì fọ̀ ọ́ lọ sínú kànga tí gbogbo ilé ń pọn. Ọ̀dà funfun tí wọ́n ń kùn sára igi kò sì lé ikán kankan, ẹwà lásán ni. Bí ikán bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó ń fi oògùn tó ní nọ́ńbà NAFDAC ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fi ibi tí kànga wà hàn án kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kòkòrò funfun abẹ́ ewé máńgòrò. Ẹ ó rí i bí òwú tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé, èèrà á máa lọ á máa bọ̀, ojú ewé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì dúdú. Ẹ fi ìka tútù nu dúdú náà: bó bá nù kúrò, orí omi dídùn tí kòkòrò yìí ń yọ ló ti hù. Bí kò bá nù kúrò, àrùn ewé ni, ẹ lọ sí Ìgbésẹ̀ 4.

Agbọ́n kan wà tó kéré gan-an, tí wọ́n kó wá láti Íńdíà, tí wọ́n sì tú sílẹ̀ ní Tógò ní 1987. Inú ara kòkòrò funfun yìí ló ń yé ẹyin sí, ó sì tàn ká ìhà ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ bá fín oògùn líle, agbọ́n náà á kú ṣáájú kòkòrò. Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí:

- Ẹ fi omi tó le láti ẹnu họ́ọ̀sì fọ abẹ́ ewé tí ọwọ́ bá tó, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.
- Ẹ dínà èèrà, nítorí èèrà ń ṣọ́ kòkòrò yìí ni, ó sì ń lé ọ̀tá rẹ̀. Ẹ wé aṣọ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 mọ́ ara igi, ẹ wé náílọ́ọ̀nù lé e, kí ẹ fi gírísì kun orí náílọ́ọ̀nù. Ẹ má fi gírísì kan èèpo. Ẹ gé ẹ̀ka tó bá kan ògiri, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ èèrà á gba ibẹ̀ gùn ún. Ẹ tú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6.
- Bí ó bá ṣì pọ̀, ẹ fi dóńgóyárò. Ẹ gún èso gbígbẹ tí ẹ ti pa, gíráàmù 500, ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 di ọjọ́ kejì. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ọṣẹ olómi ṣíbí tíì 2 sí i. Ẹ kọ́kọ́ fín in sí ewé díẹ̀, ẹ dúró fún ọjọ́ 2. Bí ewé kò bá jó, ẹ fín ìyókù lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, sí abẹ́ ewé. Ọjọ́ tí ẹ bá sẹ́ ẹ ni kí ẹ lò ó tán, ẹ po òmíràn fún ìgbà tó kàn. Oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 7, nígbà mẹ́ta.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn kò lè dé orí igi tó ga mítà 12, ẹ má tan ara yín. Fún irú igi bẹ́ẹ̀, dídínà èèrà ló ń ṣe iṣẹ́ jù. Ẹ mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́ bí ewé tuntun bá jáde tí kò dúdú. Dúdú ti ewé àtijọ́ á wà níbẹ̀ títí yóò fi já.

Àfòmọ́. Ewé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti igi tó gùn, ẹyẹ ló sì ń gbé èso rẹ̀ kiri. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọ́n á fa àfòmọ́ já, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀ka, á sì tún hù. Ẹ gé ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30 sí ìsàlẹ̀ ibi tí àfòmọ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn, kí èso rẹ̀ tó pọ́n. Bí ó bá wà lára igi gan-an, kì í ṣe ẹ̀ka, ẹ máa gé e mọ́ èèpo lọ́dọọdún kí ó má bàa so. Alágbo á fẹ́ ewé rẹ̀. Ẹ kó o fún wọn.

Kòkòrò dúdú oníwo ti igi àgbọn. Bí ìmọ̀ àgbọn tuntun bá là tó dà bíi pé ẹnìkan fi sísọ́ọ̀sì gé e ní V, kòkòrò yìí ti gbẹ́ ihò sí ọkàn igi. Ẹ fi wáyà tí ẹ tẹ̀ ní ìwọ̀ fà á jáde, kí ẹ da yanrìn tí ẹ pò mọ́ èso dóńgóyárò gígún sí ìdí ìmọ̀ mẹ́ta tó wà láàárín. Inú kùkùté àgbọn tó ń jẹrà àti òkìtì ààtàn ló ti ń pamọ. Bí ẹ kò bá kó ìyẹn kúrò, òmíràn á tún wá. Lára àgbọn, ìmọ̀ tó ti gbẹ nìkan ni kí ẹ gé. Ìmọ̀ tútù ni oúnjẹ rẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ 4: ÀRÙN

Òdòdó máńgòrò tó dúdú tó sì rọ, ewé tó ní àmì dúdú tí kò nù kúrò: àrùn olu wẹ́wẹ́ tó ń bá ọ̀rinrin rìn ni. Ẹ gé ọ̀wọ́ tó ti gbẹ, ẹ gbá ewé tó bọ́ lára igi tó ń ṣàìsàn kúrò (èyí kò sí lára ewé tí ẹ máa tẹ́ sídìí igi), kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí àárín igi gbà kọjá. Igi kékeré lè gba oògùn oníkọ́pà nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀.

Píà tí ewé rẹ̀ kéré, tó pọ́n, tí orí rẹ̀ sì ń gbẹ: ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó bu omi. Omi tó dúró sí gbòǹgbò ló sábà máa ń fà á, ẹni tó bá rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, tó sì ń bomi rin ín, ń yára pa á ni.

Olu líle, pẹlẹbẹ, tó lẹ̀ mọ́ ìdí igi kò ní oògùn. Kíká a kúrò kò mú àrùn kúrò, nítorí inú igi ni àrùn náà wà. Ohun tó hù síta, èso rẹ̀ lásán ni. Ẹ padà lọ kan igi náà lóòlù, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ wò ó kí òjò tó dé.

ÌGBÉSẸ̀ 5: GÍGÉ Ẹ̀KA

Ibí yìí ni wọ́n ti ń pa igi jù. Kí ẹ tó gba agégi, ẹ nawọ́ sí ẹ̀ka kan kí ẹ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ máa gé èyí?" Bó bá ní, "Ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀ fún wa, a máa bá yín gé e wálẹ̀ ni," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó máa lọ. Èyí tó mọṣẹ́ á fi ọwọ́ kan ọrùn ẹ̀ka.

Ọrùn ẹ̀ka ni ibi tó wú díẹ̀ yí ká, níbi tí ẹ̀ka ti jáde lára igi. Ibẹ̀ ni igi fi ń pa egbò rẹ̀ dé. Bí ẹ bá gé e wọ inú ọrùn náà, egbò kò ní lè dí. Bí ẹ bá fi kùkùté sílẹ̀ jìnnà síta, kùkùté náà á kú, á jẹrà, ìjẹrà á sì gba ibẹ̀ wọnú igi. Ojú ìta ọrùn náà gan-an lẹ máa gé.

Òkú ẹ̀ka ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, lẹ́yìn rẹ̀ èyí tó ń ha ara mọ́ra, lẹ́yìn rẹ̀ èyí tó rọ̀ sórí òrùlé. Fún ẹ̀ka tó nípọn ju apá lọ:

1. Ẹ fi spírítì tàbí bílíìsì nu ayùn. Ẹ tún un nù bí ẹ bá ń ti ara igi kan lọ sí òmíràn.
2. Ẹ so okùn mọ́ ẹ̀ka náà, ẹ gbé okùn kọ́ ẹ̀ka tó lágbára lókè rẹ̀, kí ẹnìkan di í mú nílẹ̀.
3. Ẹ gé e láti abẹ́, ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí ara igi, kí ó wọlé dé ìdá kan nínú mẹ́ta.
4. Ẹ gé e láti òkè, sẹ̀ǹtímítà 5 sí ìta ibi tí ẹ gé lábẹ́, títí á fi já.
5. Kùkùté tó kù ni ẹ wá gé kúrò ní ojú ìta ọrùn ẹ̀ka, kí ẹ fi ọwọ́ di í mú.

Ẹni tó bá fo ìgé abẹ́ yẹn, ẹ̀ka á fi ìwúwo rẹ̀ fà, á bó èèpo lára igi lọ sílẹ̀ tó mítà kan. Egbò yẹn kò ní jinná mọ́.

Gbogbo ewé tútù tí ẹ bá gé lọ́dún kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Fún igi tó ti dàgbà gan-an, kí ó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ẹ yẹra fún egbò tó fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ bí ó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé gbogbo ẹ̀ka inú kí wọ́n fi ìdì ewé sílẹ̀ lórí ṣoṣo. Ìwúwo á kóra jọ sí orí, ìjì á sì máa fi í yí.

Ẹ má kun egbò ní ọ̀dà, kọ́ltà tàbí ọ́ìlì. Wọ́n ń sé ọ̀rinrin mọ́nú ni. Ẹni tó ń gùn ún gbọ́dọ̀ so okùn mọ́ ìbàdí, kò sì gbọdọ̀ wọ bàtà onírin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lórí igi tó wà láàyè.

Àyẹ̀wò: bí òjò bá ti rọ̀ fún oṣù mélòó kan, èèpo tuntun á ti máa ká bọ̀ lójú egbò láti etí. Bó bá ká yí po bí òrùka, ibi tó yẹ lẹ gé. Bó bá ká lápá méjì nìkan, tí òkè àti ìsàlẹ̀ ṣófo, wọ́n ti gé wọ ọrùn.

ÌGBÉSẸ̀ 6: ÌJÌ

Kí ìjì tó dé, ẹ kó mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ kúrò lábẹ́ igi, ẹ ká àgbọn tó ti gbó, kí ẹ yọ síínbọ́ọ̀dù tí wọ́n kàn mọ́ igi kúrò. Kò sí èyí tí kì í di ọ̀bẹ bí atẹ́gùn bá gbé e. Igi masquerade tí wọ́n gbìn mọ́ fẹ́ǹsì ní ìlà gígùn náà kò gbọdọ̀ ga jù bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá jẹ́ yanrìn: ẹ máa dín orí rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ láti kékeré, kí ẹ má dúró di ìgbà tó bá ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì.

Nígbà tí ìjì bá ń jà, ẹ má jáde lọ wo igi.

Nígbà tó bá dáwọ́ dúró, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ẹ̀ka. Bí wáyà bá já, tàbí tí igi bá dùbúlẹ̀ lé e, kí gbogbo ènìyàn fi mítà 10 sílẹ̀, pàápàá níbi tí omi bá wà. Àìsí iná nínú ilé kò fi hàn pé wáyà náà ti kú. Wọ́n lè mú iná dé nígbàkigbà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì lè ti iná padà sí i. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 112 tàbí 767, kí ẹ sì pe iléeṣẹ́ tó ń pín iná.

Lẹ́yìn wáyà, ẹ gbójú sókè. Ẹ̀ka tó ti ṣẹ́ tó sì há sórí igi ń dúró de atẹ́gùn kékeré ni. Ẹ fi okùn dínà ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí ẹni tó lókùn àti akoto á fi dé. Ẹ̀ka tó tẹ̀, tí igi mìíràn di mú, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdá já a. Á ta padà bí ọrun. Ibi tí ẹ̀ka ti ya, ẹ gé e mọ́ ní ojú ìta ọrùn rẹ̀ bí Ìgbésẹ̀ 5 ti sọ, kí ẹ fi ayùn tàbí ọ̀bẹ mímú gé èèpo tó fà ya dé ibi tó ti lẹ̀ mọ́ igi. Igi kékeré tó wó ṣeé gbé dìde kí wọ́n tì í. Igi àgbà tí gbòǹgbò rẹ̀ ti tú kò ṣeé gbé dìde. Kò ní fìdí múlẹ̀ mọ́, ọjọ́ mìíràn ló máa wó.

Ẹ gbé ìwé yín jáde, kí ẹ wọn àárín igi àti àmì ara ògiri, ní gíga mítà 2 yẹn kan náà. Bí iye náà kò bá yí padà, tí ilẹ̀ kò sì sán, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nítorí ilẹ̀ tó rin ṣì máa ń jẹ́ kí igi sún díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti yí padà tó sẹ̀ǹtímítà 2, tàbí tí ilẹ̀ sán lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kó àwọn tó ń sùn ní yàrá apá ibi tó fì sí kúrò lóru ọjọ́ náà, kí ẹ pe LASPARK láàárọ̀.